Ẹ̀jẹ̀ Tí A Fọ̀ Títí Ó Fi Funfun

Iṣẹ́ kan wà tí kò ṣeé ṣàlàyé fún ará ilé. Bí ènìyàn bá ń ránṣọ, télọ̀ ni. Bó bá ń kọ́ ọmọ níwèé, tíṣà ni. Ṣùgbọ́n Ọdúnayọ̀ ọmọ Inísà, ọdún mẹ́rin gbáko ló ti fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ ní Ìkìrun, ọkọ rẹ̀ Ayọ̀dàmọ́lá, tíṣà ìṣirò tí àlàyé kì í sú, kò tíì lè sọ fún ará ṣọ́ọ̀ṣì wọn ohun tí ìyàwó òun ń ṣe gan-an. Wọ́n á bi í, á ní, “Lábù ló ti ń ṣiṣẹ́.” Àwọn yẹn á mi orí, wọ́n á máa rò pé àyẹ̀wò ibà àti ti oyún ni.

Kì í ṣe àyẹ̀wò rárá. Ohun tó ń ṣe rèé: á fa ẹ̀jẹ̀ lára ènìyàn sínú túùbù tí oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì wà nínú rẹ̀. Á gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń yí bí òòyì, títí tí omi ara ẹ̀jẹ̀ á fi lékè, tí pupa á sì sùn sísàlẹ̀. Á da ti òkè nù, á fi omi oníyọ̀ tútù ṣan pupa tó kù lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà, á dà á sínú omi tí iyọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan. Hóró ẹ̀jẹ̀ kò mọ̀wọ̀n ara rẹ̀. Tó bá ti pàdé irú omi bẹ́ẹ̀, á máa mu ún, á máa wú, títí tí á fi bẹ́. Pupa inú rẹ̀ á tú jáde, awọ rẹ̀ nìkan á ṣẹ́kù. Ọdúnayọ̀ á tún gbé e sínú ẹ̀rọ, á ro omi pupa kúrò, á tún bu òmíràn sí i, á tún rò ó, bí ẹni ń fọ aṣọ tó ń ṣí, títí tí ohun tó wà nísàlẹ̀ túùbù á fi funfun bí omi ògì. Awọ ẹ̀jẹ̀ nìyẹn.

Inú awọ yẹn ni àwọn pùròtéènì kan dúró sí, bí ilẹ̀kùn ṣe ń dúró sára ògiri. Kòkòrò ibà, irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ ló máa ń dì mú kó tó ráyè wọlé. Iṣẹ́ Ọdúnayọ̀ ni láti fi ọṣẹ kan tú àwọn ilẹ̀kùn náà kúrò lára awọ láìba wọ́n jẹ́, kó pò wọ́n mọ́ ọ̀rá tí wọ́n yọ nínú pupa ẹyin adìyẹ, kó rọ gbogbo rẹ̀ sínú àpò tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kó sì rì í sínú omi tútù fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọṣẹ á máa gba ara àpò jáde díẹ̀díẹ̀. Bí ọṣẹ ṣe ń lọ, ọ̀rá á máa ká ara rẹ̀ jọ di róbótó róbótó tí ojú lásán kò lè rí, pùròtéènì á sì dúró sára róbótó náà gẹ́gẹ́ bó ṣe dúró sára ẹ̀jẹ̀ níjọ́sí. Lípósóòmù ni wọ́n ń pè é. Bí omi náà bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ pẹ́nrẹ́n, bí iná bá lọ tí bátìrì sólà kò sì gbé e dúró, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ti wọmi nìyẹn.

Ọwọ́ Ọdúnayọ̀ dára níbi iṣẹ́ yìí. Kì í kánjú, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n, ó sì mọ ìgbà tí awọ bá ti funfun tó láìjẹ́ pé ó wo ìwé. Ẹni tó gbà á síṣẹ́, Dókítà Kọ́láwọlé, máa ń sọ ọ́ níwájú àlejò pé ní Ìbàdàn níbẹ̀, nínú gbogbo àwọn tí òun ń kọ́, òun kò rí ẹni tó lè fọ ẹ̀jẹ̀ tó o. Ọmọ Ìkìrun ni Dókítà. Àwọn ọmọ Ìkìrun tí Ọlọ́run bá ṣíjú wò lẹ́yìn odi, ilé alájà méjì ni wọ́n máa ń wá kọ́ sílé, kí aláǹgbá máa gbé inú rẹ̀. Ti ọkùnrin yìí yàtọ̀. Ìsàlẹ̀ ilé bàbá rẹ̀ ló sọ di lábù, ó to sólà sórí òrùlé, ó ra firísà mẹ́ta, ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ méjìméjì ló sì máa ń wá láti Ìbàdàn. A kò gbọdọ̀ fi ohun rere du ẹni tó ṣe é.

Ká padà sórí Ọdúnayọ̀. Ará Òkukù ni bàbá rẹ̀, Inísà ni wọ́n ti bí ìyá rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ìyá yẹn kú, bàbá sì gbé ìyàwó mìíràn wọlé bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, Màmá Rùkáyátù, ni wọ́n wá sí Òkukù lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, wọ́n kí bàbá, wọ́n mu omi, wọ́n mú ọmọ náà lọ́wọ́, ó di Inísà. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà. Gaàrí ni wọ́n ń dín, eéfín rẹ̀ ló sì ba ojú ọ̀tún wọn jẹ́, ṣùgbọ́n nínú gaàrí yẹn ni Ọdúnayọ̀ ti kàwé dé ibi tó kà á dé. Ìrun àsùbáà ni wọ́n fi ń jí i ní kékeré. Nígbà tó dàgbà tó fẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, tó sì bá ọkọ rẹ̀ lọ síbẹ̀, àwọn ará agboolé kan fajú ro. Màmá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé kí ó ṣáà má parọ́ fún Ọlọ́run níbikíbi tó bá ti ń kí I.

Ọdúnayọ̀ kò ní ìyá mìíràn láyé. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn yé wa dáadáa ká tó máa lọ.

Láti kékeré ló ti ń kíyè sí i pé ní agboolé Màmá, ibà kì í dá ènìyàn dùbúlẹ̀. Kì í ṣe pé kò ṣe wọ́n. Ó ń ṣe wọ́n, ara wọn á gbóná díẹ̀, wọ́n á là á kọjá lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tó di ẹni tó ń fi awò wo ẹ̀jẹ̀ ní ọsibítù, ó rí i kedere. Kòkòrò tí ìbá kún ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn fọ́fọ́, bí kíún ló máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ tiwọn. Ó sọ fún Dókítà Kọ́láwọlé lọ́dún tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ojú ọkùnrin náà sì tàn yanran. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ilẹ̀kùn ara ẹ̀jẹ̀ wọn ló yàtọ̀, pé bí àwọn bá lè yọ ilẹ̀kùn yẹn, kí àwọn gbé e sára lípósóòmù, kí àwọn wò ó bóyá ibà á dì í mú, ọ̀nà oògùn tuntun lè gba ibẹ̀ là.

Báyìí ni wọ́n ṣe jọ lọ sí Inísà lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan. Ènìyàn méje ló jókòó dè wọ́n ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Màmá. Hameedat wà níbẹ̀, ọmọ àbúrò Màmá, tó ń ránṣọ ní ìsọ̀ kan lójú títì, ọmọbìnrin tí kì í dákẹ́. Wọn ì bá má wá bí kò bá ṣe pé Màmá ló ránṣẹ́ pè wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi tọrẹ níbí, ìròyìn tí wọ́n ń gbọ́ nípa àwọn tó ń wá ẹ̀jẹ̀ ènìyàn kiri kò sì dára.

Kí Ọdúnayọ̀ tó ṣí ìwé, Màmá ní àwọn fẹ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n rántí àbúrò wọn ọkùnrin, tó ń ṣe mẹkáníìkì ní Èkó, tó kú síbẹ̀. Kí ará ilé tó wọkọ̀ dé Èkó, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti kírun sí i lára, wọ́n ti sin ín. Mùsùlùmí kì í fi òkú pamọ́, ẹnikẹ́ni kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n mú Màmá dé itẹ́ òkú, ọkùnrin tó ń mú wọn lọ kò dá ibojì náà mọ̀ mọ́. Ó na ọwọ́ síbí, ó na ọwọ́ sọ́hùn-ún. Láti ọjọ́ yẹn ni Màmá ti sọ pé ohunkóhun tó bá jẹ́ ti ilé yìí kò ní sùn síbi tí àwọn kò mọ̀.

“Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ bá gbà,” ni Màmá wí, “kó má kúrò nílẹ̀ tí a lè fẹsẹ̀ rìn dé. Èyí tí ẹ kò bá lò, ẹ dá a padà fún wa.”

Ìkìrun ṣeé fẹsẹ̀ rìn dé láti Inísà. Ọdúnayọ̀ ní kò sí ìṣòro. Màmá ní kí ó ṣèlérí, ó ṣèlérí. Wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé ni kí ó máa da èyí tó bá ṣẹ́kù sí, níbi tí wọ́n rì ibi gbogbo ọmọ tí wọ́n bí nílé náà mọ́lẹ̀. Ó gbà.

Ìgbà náà ló wá ṣí ìwé ìfọwọ́sí. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ojú ewé mẹ́rin, òun ló sì gbọ́dọ̀ máa kà á fún wọn ní Yorùbá. Ó kà á dáadáa, ó ń ṣàlàyé, wọ́n ń bi í léèrè, ó ń dá wọn lóhùn. Nígbà tó dé ojú ewé kẹta, ó bá ìlà kan pàdé tó sọ pé ẹ̀jẹ̀ náà, àti ohunkóhun tí wọ́n bá yọ nínú rẹ̀, lè lọ sí lábù mìíràn nílé tàbí lókè òkun. Ojú rẹ̀ rí i. Ẹnu rẹ̀ fò ó.

Kò kà á sí ọ̀ràn. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé ta ló ń bọ̀ wá wá ẹ̀jẹ̀ dé Ìkìrun, pé bí òun bá ka ìlà kan yẹn, gbogbo wọn á dìde. Màmá tẹ ìka, àwọn mẹ́fà yòókù fọwọ́ sí i. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ṣùgbọ́n Ọdúnayọ̀ fi ti ẹ̀ síbẹ̀, ó sì sùn fún ọdún méjì.

Kí a má purọ́ mọ́ ọn, ó mú ìyókù ìlérí náà ṣẹ. Nígbàkúùgbà tó bá gba ẹ̀jẹ̀ wọn, gbogbo omi pupa tó bá ṣàn kúrò lára awọ, á pò ó mọ́ oògùn apakòkòrò, á rọ ọ́ sínú fúláàsì, á wọkọ̀ Inísà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, á dà á sí ẹ̀yìnkùlé. Bí ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ bá rí ibi tó dúró sí tó ń da ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá di ìpàdé. Ó mọ̀, kò sì bìkítà. Inú rẹ̀ máa ń dùn ni. Ó máa ń rò ó pé nínú gbogbo àwọn oníwèé tó ń gba nǹkan lọ́wọ́ ará ilé, òun nìkan ló ń dá a padà.

Oṣù kìíní ọdún yìí, nínú ọyẹ́, ni Dókítà dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tuntun. Lípósóòmù ti pé, ti ènìyàn méje agboolé Màmá àti ti ènìyàn méje mìíràn láti ìlú Ìgbayé tí ibà ń mú bó ṣe ń mú gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ ní Ìkìrun tó lè fi hàn bóyá kòkòrò ibà dì í mú tàbí kò dì í mú. Kò sí ní Ìbàdàn náà. Àwọn kan wà lókè òkun tó ní in, wọ́n sì ti gbà láti bá wọn ṣe é. Kí Sístà Ọdún bá òun dì í sínú yìnyín.

Ọdúnayọ̀ sọ fún un pé òun ti ṣèlérí fún àwọn ènìyàn náà. Dókítà wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa.

“Ẹ̀jẹ̀ dà níbẹ̀, Sístà?” ni ó bi í. “Ẹ̀yin fúnra yín lẹ fọ ẹ̀jẹ̀ dànù, ẹ sì ti gbé e padà fún wọn. Ọ̀rá ẹyin adìyẹ ló kù.”

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó mú ìwé ìfọwọ́sí jáde nínú fáìlì, ó ṣí ojú ewé kẹta, ó fi ìka sí ìlà yẹn, ó sì tọ́ka sí àmì ìka Màmá nísàlẹ̀ ojú ewé kẹrin. Òun kò mọ ohun tí Ọdúnayọ̀ fò. Lọ́jọ́ tí wọ́n ka ìwé náà, fóònù ló ń tẹ̀. Ọdúnayọ̀ lè sọ fún un níbẹ̀ yẹn pé, sà, mi ò ka ìyẹn fún wọn. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ó gbé e mì. Bó bá sọ ọ́, gbogbo iṣẹ́ ọdún méjì bàjẹ́, òun ló sì bà á jẹ́. Ohun mìíràn tún wà, kí a sọ ọ́ kó tán: Dókítà ti ní orúkọ Ọdúnayọ̀ ni yóò ṣe ìkejì lórí ìwé ìwádìí náà. Ọmọ tí wọ́n fi gaàrí tọ́, orúkọ rẹ̀ á wà níwájú orúkọ àwọn òyìnbó. Ó fẹ́ ẹ. Ó fẹ́ ẹ gan-an.

Ó gbé túùbù keje, tó jẹ́ ti Màmá, síbi ojú fèrèsé, ó wò ó. Funfun ni. Kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tó jọ ẹ̀jẹ̀, kò rùn bí ẹ̀jẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ẹyin ọgbà adìyẹ kan ní Ìgbayé nìyí, Màmá kọ́ nìyí. Ẹni tó bá ti fẹ́ ṣe ohun tí kò yẹ, àwáwí kì í wọ́n ọn. Ọwọ́ rẹ̀ tí kì í gbọ̀n ló fi dì í, ló fi kọ nọ́ńbà sí i lára, ló fi lẹ páálí náà pa. Lọ́jọ́ kejì, ó ti lọ.

Ní Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ yẹn, ó lọ sí Inísà gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó da omi pupa sí ẹ̀yìnkùlé. Màmá dúró tì í, wọ́n ń ṣàdúrà fún un pé ẹnu rẹ̀ kò ní tàsé, pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní jábọ́ láwùjọ. Ó ní àmín. Àmín yẹn korò lẹ́nu rẹ̀ bí ewúro. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ti kọ̀ ọ́, tí Ayọ̀dàmọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí bi í bóyá oyún ni, tí Ọdúnayọ̀ sì ní kí ọkọ òun jọ̀ọ́ fi òun sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, tí kì í ṣe ọjọ́ tó máa ń wá, Dókítà yọ sí Ọdúnayọ̀ ní lábù pẹ̀lú páálí ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò lápá. Èsì ti dé. Wọ́n kó kòkòrò ibà ti lípósóòmù àwọn ará Ìgbayé, ó rọ̀ mọ́ wọn bí èèrà ṣe ń rọ̀ mọ́ ṣúgà. Wọ́n kó o ti lípósóòmù agboolé Màmá, kò dì í mú. Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, èsì kan náà ni. Nọ́ńbà keje ló le jù lọ nínú wọn, kòkòrò ibà kò tilẹ̀ fẹ́ súnmọ́ ọn.

“Ẹ wò ó, Sístà,” ni Dókítà wí, tó ń ṣí ìgò fún un, “pẹ̀lú gbogbo fífọ̀ tí ẹ fọ̀ ọ́, ohun ìdílé yẹn kò kúrò lára rẹ̀. Àwọn gan-an ló ṣì wà níbẹ̀.”

Inú rẹ̀ dùn débi pé kò gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ. Ọdúnayọ̀ gbọ́ ọ. Nínú ọyẹ́, ọ̀rá ẹyin ni. Nísinsìnyí tó di ohun àmúyangàn, ó di àwọn gan-an. Ó gbé ìgò náà sílẹ̀ láìmu. Òótọ́ ni ọkùnrin náà sọ lẹ́ẹ̀kejì yìí, ìyẹn ló sì burú níbẹ̀. Bí iṣẹ́ náà bá kùnà, bí ibà bá dì í mú bó ṣe dì ti gbogbo ènìyàn mú, ì bá lè máa tan ara rẹ̀ lọ pé ohun tí òun fi ránṣẹ́ kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni mọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ dára jù. Ó fọ̀ ọ́ mọ́, ó gbé e dúró dáadáa sára ọ̀rá, ohun tó sì gbé dúró níbẹ̀ ni Màmá Rùkáyátù àti àwọn ará agboolé wọn.

Ó bi Dókítà bóyá wọ́n lè dá èyí tó ṣẹ́kù padà. Dókítà ní kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ó ní wọ́n ti lò ó tán, ìwọ̀nba tó kù, wọ́n á ti dáná sun ún, òfin wọn nìyẹn. Ohun tó kàn ni pé kí wọ́n gba òmíràn, kó pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kí Sístà bá òun lọ sí Inísà ní Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, nítorí òun mọ̀ pé wọn kì í kọ̀ fún un.

Kò dúró de Àbámẹ́ta. Ọjọ́bọ̀ ló wọkọ̀. Láti Ìkìrun dé Inísà kò jìnnà, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ó ń ṣe é bíi kí dírẹ́bà máa rọra lọ, kí ọlọ́pàá dá wọn dúró, kí táyà jò. Ohunkóhun kò ṣe ọkọ̀.

Màmá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Wọ́n rí i, inú wọn dùn, wọ́n bèèrè ọkọ, wọ́n bèèrè ọmọ. Ó kúnlẹ̀, kò dìde. Màmá ní kí ló dé.

“Ẹ̀jẹ̀ yín ti kọjá òkun, Màmá,” ni ó wí. “Láti inú oṣù kìíní. Èmi ni mo dì í.”

Ọwọ́ Màmá kò dúró lára ẹ̀gúsí. Ọdúnayọ̀ ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ó ń yára. Ó ní kì í ṣe pupa rẹ̀, pé funfun ni, pé òun ti fọ̀ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí òun fi rò pé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ mọ́. Ó sọ ti ìwé náà. Ó sọ ti ìlà tó fò ní ojú ewé kẹta, pé òun rí i kí òun tó fò ó. Nígbà tó sọ ìyẹn, ọwọ́ Màmá dúró.

“Kí ni wọ́n fi ṣe lọ́hùn-ún?” ni Màmá bèèrè.

“Wọ́n kó kòkòrò ibà tì í. Kòkòrò náà kọ̀ ọ́, kò dì í mú.”

“Bó ṣe máa ń kọ̀ wá níbí?”

“Bó ṣe máa ń kọ̀ yín níbí, Màmá.”

“Àwa náà ni nígbà yẹn.”

Ọdúnayọ̀ kò lè wo ojú wọn. Ó ní, “Ẹ̀yin náà ni.”

Màmá bèèrè ibi tó wà báyìí. Ó sọ fún wọn pé wọ́n ti sun ún. Wọ́n bèèrè orúkọ ìlú náà, ó sọ ọ́ fún wọn, wọ́n gbìyànjú láti pè é lẹ́ẹ̀kan, kò bọ́ sí wọn lẹ́nu, wọ́n fi í sílẹ̀. Wọ́n kọjú sí ilẹ̀ gbígbá iwájú ilé wọn. Wọ́n ní ikú òkèèrè ni ti àbúrò wọn, òun kú kó tó nù. Pé àwọn ṣì ń bó ẹ̀gúsí níbí, ara àwọn sì ti wà níbi tí ẹnikẹ́ni kò lè mú àwọn dé. Wọn kò pariwo. Ọdúnayọ̀ ì bá fẹ́ kí wọ́n pariwo. Ì bá fẹ́ kí wọ́n gbá òun létí bí wọ́n ṣe ṣe lẹ́ẹ̀kan nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí wọ́n sì fi ọwọ́ kan náà bu oúnjẹ fún un.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀ wọ́n. Ó ní òun á sọ fún Dókítà pé òun kò ṣe mọ́, òun á kọ̀wé sí wọn lókè òkun pé òun kò ka ìwé náà tán fún àwọn tó fọwọ́ sí i. Màmá gbọ́ ọ tán. Wọ́n ní ìyẹn dára, kí ó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní òun nìkan kọ́ ló ṣẹ àwọn ará ilé, àwọn náà ṣẹ̀ wọ́n.

“Àwọn mẹ́fà yòókù kò mọ ohun tó wà nínú ìwé náà, wọn kò sì mọ Dókítà,” ni Màmá wí. “Èmi ni mo sọ fún wọn pé ọmọ mi ni ọ́, pé kí wọ́n na apá. Dìde nílẹ̀ níwájú mi. Lọ bá wọn nílé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o sọ ọ́ bí o ṣe sọ ọ́ fún mi. Má fo nǹkan kan.”

Ó bèèrè bóyá wọ́n lè bá òun lọ. Wọ́n ní rárá. Wọ́n fa igbá ẹ̀gúsí mọ́ra, wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn, ó sì yé e pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ìsọ̀ Hameedat ló súnmọ́ jù. Ó rìn débẹ̀, ó dúró níta díẹ̀, ó ń gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń kù nínú. Ó ti mọ gbólóhùn àkọ́kọ́ tó fẹ́ sọ. Ó ti tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ Màmá àti ibí yìí. Nígbà tó wọlé, Hameedat gbójú sókè, ẹ̀rín bo ojú rẹ̀, ó ní ẹ kú ọ̀nà, Àǹtí, pé òun ń sọ ọ́ láàárọ̀ yìí pé ó pẹ́ tí wọn ò ti wá gba ti òun. Ó gbé aṣọ tó ń rán sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ká apá bùbá rẹ̀ sókè dé èjìká, ó sì na apá náà gbọọrọ sórí tábìlì ẹ̀rọ.

“Òsì lẹ gbà níjọ́sí,” ni ó wí. “Ẹ gba ọ̀tún lónìí, kó má baà jowú.”

Ọdúnayọ̀ kò jókòó. Ó ní kí Hameedat fa apá aṣọ rẹ̀ sílẹ̀, pé òun kò wá gba nǹkan kan. Hameedat rò pé eré ni, ó ń rẹ́rìn-ín, kò fà á sílẹ̀. Ọdúnayọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́, láti orí ìwé náà, láti orí ìlà ojú ewé kẹta, kò fo nǹkan kan. Apá yẹn wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀, iṣan rẹ̀ yọ dáadáa, títí ọ̀rọ̀ fi dé ìdajì. Ìgbà náà ni Hameedat fà á padà, tó sì ká a mọ́ àyà.